Ohùn Inú Wáyà

Ohùn ènìyàn kì í rìn jìnnà. Bí ó ti wù kí ènìyàn kígbe tó, etí àwọn tí ó wà nítòsí ni igbe rẹ̀ mọ. Nítorí èyí ni àwọn baba wa fi ń rán oníṣẹ́, tí wọ́n sì ń pa àrokò ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ó di ọdún 1844, Samuel Morse fi wáyà ránṣẹ́ láti Washington dé Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ náà yára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí àrokò ni òun náà rí: àmì ni ó ń gba inú wáyà kọjá, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì ní láti túmọ̀ rẹ̀. Ohùn ẹni tí ó ránṣẹ́ kò bá a lọ.

Alexander Graham Bell ni ó mú ohùn gba inú wáyà. Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland ni a bí i sí ní ọdún 1847. Etí ìyá rẹ̀ di. Òun náà sì di olùkọ́ àwọn adití ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ó mọ̀ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ a máa mì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú etí a sì máa mì bákan náà. Ó rò ó pé bí agbára iná inú wáyà bá ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù bí afẹ́fẹ́ náà ti ń mì, yóò lè mú irin pẹlẹbẹ kan mì ní ìkángun kejì, ohùn yóò sì tún jáde. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1876, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ pe Thomas Watson, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, tí ó wà nínú yàrá mìíràn. Watson gbọ́, ó sì wá.

Ní ọdún 1878, a kọ́ ibùdó kan sí New Haven níbi tí a ti ń so wáyà ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn. Ènìyàn 21 ni ó kọ́kọ́ sanwó rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1915, Bell wà ní New York, Watson wà ní San Francisco, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀. Oníṣòwò ń dúnàá-dúrà láì kúrò nílé. Ẹni tí àìsàn dé bá lóru sì ń ké sí dókítà.

Àwọn àgbà ní, “Ojú l’ọ̀rọ̀ wà.” Tẹlifóònù ya ọ̀rọ̀ kúrò lára ojú. Mabel, ìyàwó Bell, jẹ́ adití láti kékeré. Ètè ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó máa ń wò kí ó tó mọ ohun tí ó ń wí. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ọkọ rẹ̀ ṣe kò lè gbé ohùn ọkọ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ìṣòro yìí tó dín kù. Lóde òní, tẹlifóònù alágbèéká ń gbé ìwé àti àwòrán pẹ̀lú ohùn. Adití lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó sì lè rí ojú àti ọwọ́ ẹni tí ń fi àmì bá a sọ̀rọ̀. Báyìí ni iṣẹ́ olùkọ́ àwọn adití ṣe kan àwọn adití náà nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.