Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Wo Ojú Ọmọ Yín Dáadáa

Ẹ̀yin òbí wa ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan ẹ̀mí ọmọ.

Àrùn kan wà tí kò wọ́pọ̀: jẹjẹrẹ ojú ọmọdé, tí àwọn dókítà ń pè ní retinoblastoma. Nínú ọmọ 15,000 sí 20,000 tí a bí, ẹyọ kan ló máa ń mú, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọmọlójú tó yẹ kó dúdú á máa tàn funfun bí ojú ológbò lóru, àgàgà nínú fọ́tò tí a fi iná yà. Nígbà mìíràn, ojú méjèèjì kì í wo ibì kan náà mọ́.

Kí ló dé tí a fi ń kánjú? Àwọn dókítà káàkiri ayé tẹ̀ lé ọmọ tó lé ní 4,000 tí a rí àrùn yìí lójú wọn ní 2017. Lẹ́yìn ọdún 3, ọmọ 99 nínú 100 ló wà láàyè ní ilẹ̀ àwọn olówó. Ní àwọn ilẹ̀ tó tálákà jù lọ, 57 péré ni. Ohun pàtàkì kan tó fa ìyàtọ̀ yìí ni pípẹ́ kí a tó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní àwọn ilẹ̀ tálákà wọ̀nyí, jẹjẹrẹ náà ti jáde kúrò nínú ẹyinjú nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó gbé wọn wá.

Bí a bá tètè rí i, wọ́n lè fi iná lésà tàbí oògùn gba ojú náà là. Bí ó bá ti pọ̀, wọn yóò ní kí a yọ ẹyinjú náà. Ibí yìí ni àwọn òbí mìíràn ti ń gbé ọmọ sá. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ìyá wo ni yóò gbọ́ ọ tí inú rẹ̀ kò ní dàrú? Ṣùgbọ́n ọmọ olójú kan lè kàwé, kó ṣiṣẹ́, kó sì bímọ. Bí àrùn náà bá dé ọpọlọ, àtiwò ó sàn a di ìṣòro ńlá.

Àdúrà àti ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Oníṣègùn ni Lúùkù tó kọ Ìyìn Rere. Ẹ máa gbàdúrà nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ. Ẹ má dúró kí ààwẹ̀ ọjọ́ 21 parí. Láti Òkukù, ẹ gba Ìníṣà àti Ìkìrun já sí Òṣogbo, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ti Ilé-Ifẹ̀ náà wà, UCH sì wà ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ojú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àrùn yìí lè wà nínú ìdílé.

Kí Olúwa dá àwọn ọmọ wa sí fún wa. Àmín.