Ẹ̀rọ kékeré tó ń dín ìrora kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eegun

Ojú àwọn ará Mowe àti Ìbafò ti rí ìjàǹbá ọkọ̀ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ará Ìfọ̀ náà ń rí i lọ́nà Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ tí eegun wọn bá dá ni wọ́n ń gbé lọ sí Igbóbì l'Ékòó, ilé ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 pẹ̀lú ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lógun.

Iṣẹ́ abẹ lè parí kí ìrora má lọ. Ẹni tí ara ń ro kì í fẹ́ gbé ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúnkún tí a kò bá nà, tí a kò bá ká, yóò gan. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TENS ti wúlò. Bátìrì ló ń lò, kò kan iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n á lẹ páàdì rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́, kì í ṣe orí ọgbẹ́, iná wẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa ta lára. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan òjìjí lódò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ti òjìjí le jù ú lọ fíìfíì.

Ní 1965, Melzack àti Wall ṣàlàyé pé bí ẹnubodè kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn: ìmọ̀lára mìíràn lè dí ìrora lọ́nà níbẹ̀. Ẹni tó forí gbá ilẹ̀kùn, ṣebí ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi ń rà á?

Ẹ̀rọ yìí kì í to eegun, kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, kò sì gba ipò oògùn dókítà. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ dá a lò, a kì í sì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀fun. Kí ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn onífisiotẹ́rápì léèrè.