Ìtẹ́ Ikún Inú Ilẹ̀ Dídì: Ẹ̀rí Nípa Ilẹ̀ Yukon Láyé Àtijọ́

Kí a tó fi irú ẹranko yìí ṣe ẹ̀rí, ó yẹ kí a ya ọ̀kẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ sí ikún, gẹ́gẹ́ bí èdè wa ti yà wọ́n. Orí igi ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé. Ilẹ̀ ni ikún ń gbẹ́. Egungun ọ̀kẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí igi. Ti ikún ń béèrè irú ilẹ̀ tí ó gbẹ́ ihò sí. Ikún ìhà àríwá ayé, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Urocitellus parryii, ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ní Klondike, ní Yukon ti orílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn awakùsà wúrà a máa fi omi fọ ilẹ̀ dídì. Ibẹ̀ ni ìtẹ́ ikún ti ń yọ síta, tòun ti koríko, irúgbìn àti ìgbẹ́ ẹranko náà. Àyẹ̀wò tí Grant Zazula àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2007 fi ọjọ́ orí wọn sí nǹkan bí 24,000 sí 29,450 ọdún, nípa ìṣirò kábọ́ọ̀nù. Ikún kì í gbé ibi tí omi ń dúró sí, kò sì lè gbẹ́ ilẹ̀ tí yìnyín rẹ̀ kò jìnnà sí òkè. Lónìí, a kì í rí i nínú àwọn àfonífojì náà: ewéko rírọ̀ tí ń fa omi bíi kànrìnkàn ti bo ilẹ̀, yìnyín sì wà nítòsí. Ó di dandan kí a gbà pé, nígbà tí òtútù ayé ju ti ìsinsìnyí lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ó sì ń yọ́ jìn nígbà ooru.

Èyí kan àríyànjiyàn kan tí ó ti pẹ́. R. Dale Guthrie ní ilẹ̀ koríko tí ó lè bọ́ erin onírun àti ẹṣin ni. Paul Colinvaux ní aṣálẹ̀ olótùútù ni, nítorí lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí a rí nínú ẹrẹ̀ adágún kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa gbé lẹ́búlẹ́bú láti ọ̀nà jíjìn. Ìtòsí ihò rẹ̀ ni ikún ti ń kó oúnjẹ. Lẹ́búlẹ́bú koríko kan kò sì yàtọ̀ sí òmíràn lójú wa, bẹ́ẹ̀ irúgbìn a máa fi irú koríko tí ó jẹ́ hàn. Lójú tiwa, ẹ̀rí yìí gbe Guthrie lẹ́sẹ̀, kò sì parí ẹjọ́ náà. Ohun tí ó wu ikún ni ó ń ṣà. A lè mọ irú koríko tí ó wà níbẹ̀ láti inú àká rẹ̀, ṣùgbọ́n bí koríko náà ti pọ̀ tó, èyí tí erin nílò, kò sí níbẹ̀.

Ní etí odò Kolyma ní Rọ́ṣíà, irú ihò bẹ́ẹ̀ wà ní mítà 38 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ní 2012, Svetlana Yashina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn mú ara èso Silene stenophylla tí ikún kó síbẹ̀ ní nǹkan bí 31,800 ọdún sẹ́yìn, ó hù, ó tanná, ó sì so. Bí ilẹ̀ náà bá ti yọ́ rí láti ìgbà náà, èso ọ̀hún ì bá ti jẹrà.