Àká márùn-ún, òfìfo ló pọ̀ jù

Bí àgbẹ̀ ṣe ń kó ọkà sí àká ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń kó iṣẹ́ wọn sí GitLab. Ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2017, àká náà dákẹ́ lójijì.

Kí ló fà á? Kọ̀ǹpútà méjì ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn: èkíní ń ṣiṣẹ́, èkejì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Èkejì ló ní ìṣòro. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ tún un ṣe lóru ló ṣèèṣì pa ohun inú èkíní rẹ́. Nínú nǹkan bí 300 gígábáìtì, 4.5 péré ló kù.

Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n rò pé àwọn fi ń pa ẹ̀dà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé. Ibi tó yẹ kí ẹ̀dà ojoojúmọ́ wà, òfìfo ni. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ. Kóòdù kò sọnù, àmọ́ ọ̀rọ̀ àti orúkọ tí àwọn oníbàárà fi síbẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà náà lọ gbé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ yín wà. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tàbí àwòrán ẹbí níbì kan, ẹ ṣí i wò lónìí, kí ẹ tó nílò rẹ̀.