Ìtọ̀ ọmọ tuntun kì í ṣe ohun à-ń-fojú-fò: Òun ló ń sọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe wà

Bí wọ́n bá bímọ tuntun, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé ó ké, ṣé ó sì ń mu ọmú. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé ìbéèrè kan tún kù: ṣé ó ti tọ̀?

Àlàyé wọn ni pé láàárín wákàtí 24 ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ tí oṣù wọ́n pé máa ń kọ́kọ́ tọ̀. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí ọmọ kò tíì tọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Oríṣìíríṣìí nǹkan ló ń ṣàkóbá fún kíndìnrín ọmọ tuntun. Ọmọ tí kò tètè ké nígbà ìbí, tí afẹ́fẹ́ kò tó o, wà nínú ewu. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí omi ara rẹ̀ gbẹ tàbí tí kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti inú oyún sì ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti máa ń dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ àwọn ọmọkùnrin mìíràn. Ìtọ̀ irú wọn á máa kán tótótó, abẹ́ ìdodo wọn á sì le.

Àwọn dókítà kìlọ̀ pé àgbo kọ́ ni oògùn rẹ̀, nítorí kíndìnrín ọmọ tuntun kò tíì gbó. Oògùn tí dókítà kò kọ náà léwu. Lọ́dún 2008, oògùn eyín olómi kan, My Pikin, tí kẹ́míkà olóró wà nínú rẹ̀, ba kíndìnrín àwọn ọmọdé jẹ́ ní Nàìjíríà. Ọmọ tó lé ní 80 ló kú.

Ìtọ́jú wà o. Dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ọmọ wò, á sì fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aboyún wo kíndìnrín rẹ̀. Bí omi ara ló gbẹ, wọ́n á fa omi sí i lára níwọ̀n. Bí ọ̀nà ìtọ̀ ló dí, wọ́n á kọ́kọ́ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kí ìtọ̀ lè jáde, kí wọ́n tó fi iṣẹ́ abẹ ṣí i. Èyí tó bá le gan-an, wọ́n lè máa fi omi oògùn fọ inú ikùn rẹ̀ láti kó ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ jáde, títí kíndìnrín yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń rí ìlédìí. Bí ọmọ tó ti ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ kò bá tọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tàbí tí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.