Omi Ọsàn Wẹ́wẹ́ fún Àpèjọ Ìgbà Ooru: Kí Wísìkì Dúró Nínú Ìgò Tirẹ̀

Láti oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún ni ooru máa ń mú jù ní Zaria níhìn-ín. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, òjò kò tíì fìdí múlẹ̀, ooru ọ̀sán a sì máa ju digiri 35 lọ. Ìgbà yìí gan-an ni ọwọ́ àgbẹ̀ dilẹ̀ díẹ̀, òun la fi ń ṣe ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lábẹ́ igi máńgòrò. Kò sí èyí tí kì í béèrè ohun mímu tútù nínú wọn.

Àwọn ìyá ibùdó ti ní kí n kọ bí a ṣe ń ṣe omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi èso dídùn sí, èyí tí àwọn kan ń da wísìkì mọ́. Mo gbà láti kọ ọ́. Àwọn àgbà ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án; omi ọsàn tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe kò ní jẹ́ kí a jẹ gbèsè ẹlẹ́rìndòdò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbàgbé láti sọ nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ọdún tó kọjá, ìgbàgbé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín àwa àti àwọn aládùúgbò wa jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍBI ÌKÓMỌ KAN

Ní ìgbà ooru tó kọjá, ẹnì kan nínú wa ṣe ìkómọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣe omi ọsàn yìí, ó kún ike ńlá kan, ó sì dùn. Ọ̀rẹ́ baálé ilé gbé ìgò wísìkì kan wá láti ìgboro, ó dà á sínú ike náà pátá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé òun ń ṣe aájò àlejò ni. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ Alhaji, aládùúgbò wa ọmọ Hausa, mu ife méjì kí ọ̀rọ̀ ọtí tó ta sí i létí. Bàbá náà kò pariwo. Ó gbé ife kalẹ̀, ó fọ ẹnu, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí ó ti ń bù mu lẹ́yìn àwọn àgbà sùn lọ, a jí i, kò jí. Orí alùpùpù ni a gbé e sí lọ sí ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọmọ náà yè. Ní ti Alhaji, akọ màlúù rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kọ ebè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn àgbà fi bẹ̀ ẹ́ kí ó tó jẹ́ kí màlúù náà tún wọ oko wa, òjò sì ti ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà náà.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mo kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń ṣe omi ọsàn, n kò kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀ fún àwùjọ. Ìlànà tí mo fi sílẹ̀ nìyí: omi ọsàn jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ọtí jẹ́ ti àgbàlagbà tí ó bá béèrè. Ike àwùjọ kò gbọdọ̀ rí ọtí, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan.

ÌDÍ TÍ Ó FI KAN ÀWA NÍ ZARIA

Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ń bá wọn gbé ní ilẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní 1911, ó gba Zaria kọjá, òun náà ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá, tí wọ́n tẹ̀dó sí Sabon Gari. Títí di òní, àpèjọ wa kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn kan. Nínú ẹbí Yorùbá kan ṣoṣo ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jẹun pọ̀, àwọn aládùúgbò wa tí ó jẹ́ Hausa àti Fúlàní a sì máa bá wa yọ̀. Ní 2001 ni Ìpínlẹ̀ Kàdúná dá ilé-ẹjọ́ Sharia sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ọ̀rọ̀ òfin, ẹni tí ó bá fún Mùsùlùmí ní ọtí láìjẹ́ kí ó mọ̀ ti da àlejò rẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún Kìrìsìtẹ́nì tí ìjọ rẹ̀ kò fàyè gba ọtí.

OHUN ÈLÒ

Ohun tí a kọ síhìn-ín yóò tó bí ife 25:

Omi mímọ́, lítà 4.
Ìṣápá pupa gbígbẹ, tí Hausa ń pè ní zobo, agolo mílíìkì 3.
Ọsàn wẹ́wẹ́ 12. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ béèrè lemun tsami.
Ọ̀pẹ òyìnbó 1, kí ó pọ́n dáadáa.
Atalẹ̀ tútù tí ó tó àtàǹpàkò 3. Citta ni Hausa ń pè é.
Kànáfùrù, hóró 10.
Ṣúgà, agolo mílíìkì 2. Ẹ lè fi oyin rọ́pò rẹ̀ bí ó bá wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin.

Ìṣápá pupa kò wọ́n wa, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Hausa a máa gbìn ín sí etí oko àti sáàárín ọkà. Atalẹ̀ náà kò jìnnà, nítorí pé gúúsù Kàdúná, ní ìhà Kachia àti Kwoi, wà lára ibi tí a ti ń gbìn ín jù ní Nàìjíríà. Àrùn kan ba ọ̀pọ̀ oko atalẹ̀ jẹ́ níbẹ̀ ní 2023, owó rẹ̀ sì fò sókè. Nítorí náà, ẹni tí kò bá rí mẹ́ta rà lè lo ẹyọ kan, kí ó gún un kúnná.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Ẹ ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú ìṣápá, kí ẹ sì yára fi omi ṣàn án.

2. Ẹ gbé omi kaná. Nígbà tí ó bá hó yaya, ẹ da ìṣápá, kànáfùrù àti atalẹ̀ tí ẹ ti gún sí i. Ẹ jẹ́ kí ó hó bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì dé e.

3. Bí ó bá ti tutù, ẹ fi asẹ́ àti aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ da ṣúgà sí i, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́.

4. Ẹ bẹ ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹ gún ìdajì, kí ẹ sẹ́ omi rẹ̀ sínú ike. Ẹ gé ìdajì yòókù wẹ́wẹ́ kí ó máa léfòó lójú rẹ̀.

5. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹ bá fún un sínú omi gbígbóná, adùn rẹ̀ yóò lọ, fítámì C inú rẹ̀ yóò sì dín kù. Ẹ má fún èèpo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé yóò korò.

6. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá kan jù, ẹ fi omi tí ẹ ti sè tí ó sì ti tutù là á kí ẹ tó ronú kan ṣúgà.

Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ ń gbé e sí. Ìṣápá àti ọsàn jẹ́ ohun kíkan, wọn a sì máa jẹ ara irin. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú garawa onípáànù, síǹkì ara rẹ̀ yóò yọ́ sínú ohun mímu, inú ẹni tí ó bá mu ún yóò rú, yóò sì bì. Ìkòkò tánganran, irin tí kì í dípẹtà, ìgò tàbí ike oúnjẹ ni ó dára. Kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi ra oògùn apakoríko rí kò ṣeé lò fún ohun mímu láéláé, bí a tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje.

Omi dídì tí a rà lójú pópó lè mú àrùn onígbáméjì wọlé, nítorí pé a kò mọ irú omi tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ amómitutù, kí ó rọ omi ọsàn sínú ìgò, kí ó dé e, kí ó sì kó ìgò náà sínú amù omi ní abẹ́ òjìji, yóò tutù dé ìwọ̀n tí ó tu ara. Ọjọ́ tí a bá ṣe é náà ni kí a mu ún tán.

NÍPA WÍSÌKÌ

Àwọn tí ń mu ọtí nínú wa yóò béèrè ìwọ̀n tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní irú èyí kan tí wọ́n ń pè ní Lynchburg Lemonade, wọ́n fi ìlú Lynchburg ní Tennessee sọ ọ́, níbi tí wọ́n ti ń pọn wísìkì Jack Daniel's. Nílé ọtí, inú ife ẹni tí ó béèrè ni wọ́n ti ń pò ó. Bí ó ti yẹ kí àwa náà ṣe nìyẹn.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni ṣíbí ìjẹun 2 wísìkì sí ife omi ọsàn kan. Ṣíbí 2 yìí tó mìlílítà 30, nítorí náà ìgò wísìkì 75cl kan yóò tó ife 25. Nínú ìdá 100 wísìkì, ìdá 40 ni ọtí pọ́ńbélé. Nínú bíà, bí ìdá 5 ni. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ife 2 ààbọ̀ irú èyí tó ìgò bíà ńlá kan tí ó jẹ́ 60cl. Àwọn kan ń mu ife márùn-ún, wọn a ní omi ọsàn lásán làwọn mu. Ìgò bíà ńlá méjì ni wọ́n ti mu yẹn.

Ibi tí ewu omi ọsàn olọ́tí wà nìyí. Wísìkì nìkan a máa ta ọ̀fun, ọ̀fun náà ni ó sì ń kìlọ̀ fún ẹni. Ṣúgà, ọ̀pẹ òyìnbó àti òtútù a bo ìkìlọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ahọ́n kò sì ní mọ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi mọ̀. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn a máa lò tó wákàtí kan lórí ife kan, kò sí kọfí tàbí omi tútù tí ó lè mú un yára. Ọtí a tún máa mú ènìyàn tọ̀ púpọ̀, omi ara a sì dín kù nínú ooru. Kí ẹni tí ó bá mu ife kan fi ife omi lásán kan tẹ̀lé e. Ẹni tí yóò gun alùpùpù padà sílé, omi ọsàn lásán ni tirẹ̀.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan èyí tí ó ní ọtí ni àwọn ọmọdé, aláboyún, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tí ń lo oògùn bíi Flagyl. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí a tó fi ṣúgà sí i.

ỌTÍ TÍ A KÒ MỌ ORÍSUN RẸ̀

Wísìkì wọ́n, nítorí náà àwọn kan yóò fẹ́ fi ògógóró rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ode-Irele, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin 2015. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ṣú, wọn kò mọ ara wọn mọ́, ọ̀pọ̀ sì kú láàrin ọjọ́ kan. Àwọn kan sọ pé ọwọ́ òrìṣà ni, àwọn mìíràn fura sí oògùn apakoríko. Àyẹ̀wò fi hàn nígbẹ̀yìn pé mẹtanọ́ọ̀lù ni, ọtí olóró tí ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Irú rẹ̀ tún pa àwọn ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún kan náà.

Mẹtanọ́ọ̀lù kò ní òórùn tàbí adùn tí a fi lè yà á sọ́tọ̀, nínú omi ọsàn dídùn ni yóò sì fara pamọ́ jù. Ẹ má ra ọtí tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí, tàbí èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò àlòkù. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ẹ má ní kí ó lọ sùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín tàbí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika lójú ẹsẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ TÒ Ó KALẸ̀

Ní ọjọ́ àpèjọ, ẹ gbé ike omi ọsàn sáàárín, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti àgbà yóò ti tó o. Kí ìgò ọtí, bí onílé bá fẹ́ ẹ, wà lórí tábìlì mìíràn, kí àgbàlagbà kan jókòó tì í pẹ̀lú ṣíbí ìwọ̀n, kí ife ibẹ̀ sì ní àwọ̀ ọ̀tọ̀. Kí onílé dìde kí ó sọ fún àwọn àlejò: “Èyí kò ní ọtí; ọ̀hún ni ọtí wà.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Alhaji wá sí ìgbéyàwó kan ní ibùdó wa ní oṣù tó kọjá. Kí ó tó mu omi ọsàn, ó wo ojú ìyá tí ó bù ú fún un. Ìyá náà kọ́kọ́ bu tirẹ̀ nínú ike kan náà, ó mu ún tán níwájú rẹ̀. Nígbà náà ni bàbá gbé ife sẹ́nu, ó sì tún na ọwọ́ fún èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú ti ìyá yẹn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò ọdún yìí rọ̀ ní àsìkò.