Ilé Ọtí Tó Di Ilé Àwòrán ní Òṣogbo

Ní ìpàdé wa tó kọjá níbí ní Nyanya, ọ̀rọ̀ ibi tí àwọn ọ̀dọ́ wa yóò ti máa fi eré dánra wò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní kò sí gbọ̀ngàn, kò sì sí owó tí a ó fi kọ́ ọ. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, nítorí náà a mọ̀ pé wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rán wa létí ilé kan ní Òṣogbo.

Olóògbé Dúró Ládípọ̀ ló ni ín. Ilé ọtí ni, Popular Bar ni wọ́n ń pè é. Ní 1961, Ládípọ̀ ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìlù ìbílẹ̀ sí i. Ìlù tí wọ́n kà sí ti abọ̀rìṣà! Àwọn kan nínú ìjọ fárígá, ni ó bá wá ibòmíràn gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ó sọ ilé ọtí náà di ibi eré, ibi ìpàtẹ àwòrán àti ibi ìkọ́ṣẹ́. Mbari, orúkọ Ígbò tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní Ìbàdàn ń jẹ́, ni wọ́n mú wá. Àwọn ará Òṣogbo yí i sí Mbari Mbayo, ìyẹn ni pé bí a bá rí i, a ó yọ̀. Ta ló lè bá Yorùbá du ọ̀rọ̀ orúkọ?

Ọba Mórò ni wọ́n fi ṣí i. Ọba Kòso tẹ̀lé e ní 1963, ó sì dé Berlin ní 1964.

Ohun tó wú wa lórí jù ni pé àwọn tó ń ṣeré náà ló ń kun àwòrán. Òṣèré Ládípọ̀ ni Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, ń ṣeré, ó sì ń lùlù. Iṣẹ́ iná ìtàgé ni Jimoh Buraimoh ń ṣe kí ó tó di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Georgina Beier, tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé fún ẹgbẹ́ náà, ló kó wọn jọ ní 1964, tó fún wọn ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Kò fi dandan lé e pé kí wọ́n yàwòrán bí òyìnbó. Ohun tó wà nínú kálukú ló ní kó gbé jáde.

Ẹ̀yin ará Òkun tó wà láàrin wa, ẹ gbọ́ o: ọmọ yín wà níbẹ̀. Twins Seven-Seven, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, ijó ló bá dé Òṣogbo, ó ń jó fún ẹni tó ń ta oògùn kiri. Inú ilé yẹn ló ti di ayàwòrán. Ní 2005, UNESCO fi oyè dá a lọ́lá. Ó kú ní 2011.

Ìwé púpọ̀ ló ń fi ògo gbogbo rẹ̀ fún àwọn òyìnbó. A kò jiyàn pé wọ́n ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n ta ló yọ̀ǹda ilé ọtí rẹ̀?

Ọ̀kan nínú wa ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa lo ṣọ́ọ̀bù káfíńtà òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ọ̀dà bá ṣẹ́kù sí nílé, kó jọ̀wọ́ má dà á nù.